Koríko Òkun Tí Ń Di Jẹ́lì, àti Ọwọ́ Tí Ó Sè É

Ọ̀rọ̀ láti ẹnu àwa oníṣòwò èròjà oúnjẹ, níbi ìfilọ́lẹ̀ owó ilé ìdáná ẹgbẹ́ wa, Sabon Gari, Kano

  

Kí ọ̀rọ̀ wa tó jìnnà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo tábìlì kékeré tí ó wà níta nínú oòrùn, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Abọ́ méjì ni ó wà lórí rẹ̀. Láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni a ti gbé wọn síbẹ̀. Sóbò kan náà ni a fi ṣe méjèèjì, ṣúgà kan náà ni a fi sí wọn, inú firíìjì kan náà ni wọ́n sì sùn mọ́jú. A ó padà sí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ ṣáà bá wa bẹ àwọn ọmọdé kí wọ́n má tíì fi ìka kàn án.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa tí a ń ta èròjà búrẹ́dì, kéèkì àti áísíkiriìmù wá sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wá. Ìwé mẹ́fà ni púpọ̀ nínú wa kà kí a tó gba ọ̀nà ọjà lọ. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná tí a fẹ́ kọ́ fún àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ wa yìí, ọ̀ràn kan ni ó bí i, àwa gan-an ni a sì dá ọ̀ràn náà. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Oṣù kẹrin ọdún 2021 ni, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano nígbà náà mọ bí ooru ti ń mú. Baba ọlọ́lá kan, ọmọ onílé, ẹni tí ó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí àwọn òbí wa ṣì ń jókòó ní ìsọ̀, ní kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa bá òun ṣe jẹ́lì sóbò igba ife fún ìṣínu ní ilé òun. Àwa ni a ta ìyẹ̀fun tí ń mú un dì fún wọn. Wọ́n sè é, wọ́n bù ú sínú ife, wọ́n gbé e sínú òtútù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú àwọn àlejò, kò dì. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi, ìdajì rẹ̀ ṣe kókó-kókó bí ọ̀gì tí iná kò ká. Ìtìjú ni èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ju ìtìjú lọ ni ìbéèrè tí àgbàlagbà kan bèèrè láàárín àwọn àlejò náà. Ó ní, “Kí ni ẹ fi sí i kí ó lè dì? Ṣé kì í ṣe egungun ẹlẹ́dẹ̀?”

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fà ní ìlú tí a ti jẹ́ àlejò, nínú oṣù mímọ́, ní ilé ẹni tí ó fi ọkàn tán wa. A dá owó padà ní alẹ́ ọjọ́ náà, a sì tọrọ gáfárà. Baba náà gbà á, kò pariwo wa síta. Ṣùgbọ́n ó bi wá ní ohun kan tí a kò rí fèsì sí: “Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é?” A kò mọ̀. Láti bí ogún ọdún tí a ti ń tà á, àpò ni à ń tú, ìwọ̀n ni à ń wọ̀n, owó ni à ń kà.

Ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. A bi àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì. A bi àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. A ní kí wọ́n ka ìwé fún wa, kí wọ́n sì fi Yorùbá là á yé wa. Ohun tí a rí ni a wá jẹ́ fún yín.

Orúkọ ìyẹ̀fun náà ni agar. Ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe àga tí à ń jókòó lé. Èdè àwọn ará Màléṣíà ni, agar-agar ni wọ́n ń pè é. Inú koríko òkun ni ó ti ń wá, koríko pupa tí ń hù nínú omi iyọ̀. Irú méjì ni wọ́n ń lò jù: ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Gelidium, èkejì ni Gracilaria. Kò sí egungun níbẹ̀, kò sí awọ, kò sí ẹran rárá. Èyí tí ó ń ti ara awọ àti egungun ẹran wá ni jẹ́látìnì. Òun ni ó lè jẹ́ ti màlúù, tí ó sì lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè àgbàlagbà yẹn kò burú rárá. Àwa tí a ń ta ọjà tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ni a jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ̀ pé àgbàdo kan náà ni a fi ń ṣe ẹ̀kọ, síbẹ̀ ẹ̀kọ ìyá kan a dì gbọingbọin nínú ewé, ti ìyá kejì a sì máa ṣomi. Kí ni ó fà á? Iye ọjọ́ tí ó fi rẹ ẹ́ ni, bí ó ti lọ̀ ọ́, bí ó ti sẹ́ ẹ, bí ó ti dáná sí i. Bí ọ̀rọ̀ koríko òkun ti rí gan-an nìyẹn. Ilé iṣẹ́ méjì lè kó koríko kan náà ní etí òkun kan náà, kí ti ọ̀kan dì bí ẹ̀kọ, kí ti èkejì máa ṣàn bí ọ̀gì.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Japan ń sọ, ó dùn mọ́ wa púpọ̀. Láyé àtijọ́ wọ́n ti máa ń se koríko yìí, wọn a jẹ́ kí ó tutù kí ó dì, wọn a jẹ ẹ́, tokoroten ni wọ́n ń pè é. Ní nǹkan bí ọdún 1658, ọkùnrin kan tí ó ní ilé èrò ní Fushimi lẹ́bàá Kyoto, Minoya Tarozaemon ni orúkọ rẹ̀, da èyí tí ó ṣẹ́kù síta lálẹ́. Ìgbà òtútù ni. Òtútù òru sọ ọ́ di yìnyín, oòrùn ọ̀sán yọ́ ọ, omi inú rẹ̀ ṣàn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọjọ́ mélòó kan, títí ó fi gbẹ, tí ó sì fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Nígbà tí ọkùnrin náà tún un sè, ó dì, ó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, òórùn òkun kò sì sí lára rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé bí omi náà ti ń jáde lọ, ó ń kó iyọ̀, àwọ̀ àti ìdọ̀tí lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Agar nìkan ni ó dúró. Títí di òní ní agbègbè Nagano, wọ́n ṣì máa ń tẹ́ ẹ sí ìta gbangba nígbà òtútù, lórí ilẹ̀ oko ìrẹsì tí wọ́n ti kórè. Àwa tí ọyẹ́ Kano ń gbá lẹ́nu lọ́dọọdún mọ iṣẹ́ tí òtútù òru àti oòrùn ọ̀sán lè ṣe, àfi pé ọyẹ́ tiwa kò mú tó láti di omi.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í dúró de òtútù. Wọ́n ní ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó kan ẹ̀rọ, nǹkan kan wà tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni rere àti búburú ti ń pínyà. Gelidium kò ní wàhálà púpọ̀. Bí a bá ti fọ̀ ọ́ mọ́ tí a sì sè é dáadáa, yóò dì. Gracilaria ni ó ní ọ̀ràn lára. Bí a bá kàn sè é lásán, agar inú rẹ̀ yóò jáde, ṣùgbọ́n kò ní lágbára. Ohun kan tí ó tan mọ́ imí-ọjọ́ ni ó so mọ́ ọn lára, tí kò jẹ́ kí àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ lọ́ mọ́ ara wọn kí wọ́n di omi mú. Láti yọ èyí kúrò, wọn a kọ́kọ́ se koríko náà nínú omi kọ́stíìkì sódà, sódà tí àwọn tí ń se ọṣẹ ń lò. Nínú ìwọ̀n 100 omi, sódà á wà níbẹ̀ bí 2 sí 5. Ooru rẹ̀ á wà láàárín 85 sí 90 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Nǹkan bí wákàtí kan ni ó máa ń gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò ṣàn án títí sódà yóò fi tán lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ka èyí fún wa, ìyá kan nínú wa ní, “Káún náà ni.” Òótọ́ ni. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ kẹ́míkà kankan, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé káún díẹ̀ a mú ewédú fà, wọ́n sì mọ̀ pé omi eérú ni ó ń sọ àdí di ọṣẹ. Ẹbí kan náà ni káún, omi eérú àti sódà. Bí káún bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, ẹ mọ bí ọbẹ̀ náà yóò ti rí. Bákan náà ni bí sódà bá le jù, tàbí tí ó pẹ́ jù lórí iná, púpọ̀ nínú agar a bá omi lọ, ohun tí ilé iṣẹ́ yóò rí kó á kéré. Bí sódà bá sì kéré jù nítorí ahun, iye tí wọn yóò rí kó á pọ̀, ṣùgbọ́n ọjà náà á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ibí yìí ni èrè oníṣẹ́ àti èrè ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ti ń bá ara wọn jà.

Sísè gan-an ni ó tẹ̀ lé e, bíi wákàtí 2 sí 4. Gracilaria kò ju kí omi hó lọ. Gelidium le ní tirẹ̀, inú ìkòkò adépa ni wọ́n ti ń sè é kí ooru lè ju 100 lọ. Bí omi náà bá kan ní àsìkò yìí, tàbí tí iná pẹ́ jù, okùn agar yóò já sí wẹ́wẹ́. Ìyẹ̀fun yóò ṣì jáde o, funfun báláú, ojú kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n agbára ti lọ. Ẹni tí ó bá fi omi tí ń bó àwọ̀ fọ̀ ọ́ jù kí ó lè funfun, ohun kan náà ni ó ṣe sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí funfun tàn yín jẹ.

Wọn a sẹ́ ẹ nígbà tí ó ṣì gbóná, wọn a jẹ́ kí ó tutù kí ó dì. Nínú ìwọ̀n 100 ohun tí ó dì yìí, nǹkan bí 1 péré ni agar, omi ni gbogbo ìyókù. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di yìnyín tí wọ́n sì yọ́ ọ, agar inú rẹ̀ a di bí 10 sí 12. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fún un bí a ti ń fún gààrí, a tó bí 20, omi tí ó sì jáde a kó ìdọ̀tí púpọ̀ sí i lọ. Lẹ́yìn náà ni sísá àti lílọ̀. Àwọn ará Japan ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ agbára rẹ̀: wọn a fi 1.5 nínú 100 ṣe jẹ́lì, wọn a gbé ẹrù lé orí ibi tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóròó, wọn a wo ẹrù tí ó lè rù fún ìṣẹ́jú àáyá 20 kí ó tó ya. Èyí tí ó dára a máa ru gíráàmù 700 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í fi nọ́ńbà yìí pamọ́. Láti ọjọ́ tí a ti mọ èyí, òun ni a kọ́kọ́ ń bèèrè kí a tó bèèrè iye owó.

Carrageenan ni àbúrò agar, òun ni ó máa ń wà nínú áísíkiriìmù àti mílíìkì ṣokoléètì kí kòkó má baà rì sísàlẹ̀. Àwọn ará Filipíìnì ń gbin koríko rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1970 sókè, àwọn obìnrin Zanzibar níbí ní Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1989. Wọn a so èhù rẹ̀ mọ́ okùn nínú òkun nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sá a sórí pẹpẹ, ó mọ́. Bí wọ́n bá sá a sórí iyanrìn, tàbí tí òjò pa á, ó ti bàjẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó rí i. Ọ̀nà méjì ni ilé iṣẹ́ sì ń gbà ṣe é. Wọ́n lè se koríko náà nínú omi tí ó dà bí omi eérú, kí wọ́n ṣàn án, kí wọ́n sá a, kí wọ́n lọ̀ ọ́ tòun ti fùlùfúlù ara rẹ̀. Èyí pọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́lì rẹ̀ kì í mọ́ gaara. Wọ́n sì lè sè é títí yóò fi yọ́, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ọtí líle tàbí iyọ̀ potásíìmù mú un jáde. Èyí mọ́ bí omi, owó rẹ̀ sì ga. Lára àpò, 407a ni ti àkọ́kọ́, 407 ni ti èkejì. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ́lì tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, tí ó wá ra 407a, kò sí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìpápánu nìkan ni. Ní ọdún 1881, dókítà kan ní Jámánì, Walther Hesse, ń gbìyànjú láti mú kòkòrò àrùn hù lórí jẹ́látìnì. Bí ooru bá mú, jẹ́látìnì á yọ́. Bí kò bá yọ́, kòkòrò náà á jẹ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Fanny, ni ó ní kí ó lo agar, nítorí òun ni ó fi ń ṣe jẹ́lì nílé, jẹ́lì tirẹ̀ kì í sì í yọ́ nígbà ooru. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò kan tí ó ti gbé ní Java rí ni ó ti kọ́ ọ. Láti ilé ìdáná obìnrin yìí ni agar ti dé ọ̀dọ̀ Robert Koch, ẹni tí ó rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní 1882, ó sì ti dé gbogbo ilé ìwòsàn ayé. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ yín láti fi wá kòkòrò taifọ́ọ̀dù, orí agar ni wọ́n ń mú un hù sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń wo oògùn tí yóò pa á. Bí iyọ̀ bá ṣẹ́kù jù nínú agar náà nítorí pé wọn kò fọ̀ ọ́ dáadáa, ó lè mú kí oògùn kan dà bí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ tàbí tí kò ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí ti ilé àyẹ̀wò fi wọ́n ju ti oúnjẹ lọ, tí a kò sì gbọdọ̀ ta ọ̀kan ní orúkọ èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí igba ife jẹ́lì wa. A mú èyí tí ó ṣẹ́kù nínú àpò, a fi iná kàn díẹ̀. Jẹ́látìnì a máa rùn bí irun tí ó jó. Tiwa kò rùn bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí bébà bá ń jó ni. Ọkàn wa balẹ̀ pé kì í ṣe ẹran. Lẹ́yìn náà a se díẹ̀ nínú omi, a jẹ́ kí ó tutù, a kán áyódìnì sí i. Ó dúdú bí aró. Àmì sítáàṣì nìyẹn, wọ́n ti lù ú. Láti ìgbà tí agar ti wọ́n káàkiri ayé ní 2015, nígbà tí ìjọba Mòrókò dín koríko tí wọ́n lè kó kù kí ó má baà run, irú ìlùkulù yìí kò ṣòro gbọ́. Ẹni tí ó tà á fún wa tú u sínú àpò tí kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà, àwa sì rà á nítorí pé ó pọ́n. A kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí, ojú wa ni a fi rà á.

Ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀bi ṣì wà nílẹ̀, ti àwa àti àwọn obìnrin wa ni. Inú sóbò ni wọ́n ti se agar náà, wọ́n sì jẹ́ kí ó hó pẹ́. Sóbò kan gan-an. Ohun tí ìkan ń ṣe ní ilé iṣẹ́ náà ni ó ṣe nínú ìkòkò wa: ó já okùn náà. Agar tí ó dára pàápàá lè má dì dáadáa bí a bá sè é bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, inú omi lásán ni a ń se agar, kí ó hó dáadáa títí yóò fi yọ́ tán, nítorí omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ kò lè yọ́ ọ. A ó gbé e kúrò lórí iná, kí a tó da sóbò tí a ti se lọ́tọ̀ sí i, kí a sì tètè bù ú sínú ife.

Nínú owó tí ẹ óò dá lónìí, ohun mẹ́ta ni àwa oníṣòwò bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ rà fún ilé ìdáná yìí, kí wọ́n tó ra sítóòfù ńlá: òṣùwọ̀n tí ó lè wọn gíráàmù kan, ohun ìwọn-ooru, àti ìgò áyódìnì. Àwa yóò máa fi díẹ̀ nínú gbogbo àpò agar tí ó bá wọ ìsọ̀ wa ránṣẹ́ síbẹ̀ kí àwọn ọmọ dán an wò kí a tó tà á. A ti fi ọwọ́ sí ìwé lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá jáde lọ wo tábìlì. Abọ́ tí ó ti di omi yẹn, jẹ́látìnì màlúù ni a fi ṣe é. Kò lè dúró ní ooru Kano. Èyí tí ó dúró, tí ó kàn làágùn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, agar ni. Ooru tí ó tó 40 ni agar fi ń dì bí ó bá ń tutù, ṣùgbọ́n ó di bíi 85 kí ó tó yọ́ padà. Baba tí a dá owó padà fún ní 2021 ṣe wá lóore, wọ́n jókòó sí ìlà iwájú níbẹ̀ yẹn. Síbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà. A bẹ̀ wọ́n kí àwọn ni ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.